Ìlara Ojúlùmọ̀: Àwọn Tó Ń Fi Fóònù Jẹun ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Ìlara yàtọ̀ sí owú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì a máa jọ rìn. Owú ni ìnira tó ń bá ẹni tó ń bẹ̀rù pé ohun tó jẹ́ tirẹ̀ fẹ́ di ti ẹlòmíràn. Òun ló máa ń bá ìyáálé tó rí i pé ojú ọkọ ti yí sí ìyàwó kékeré. Ìlara kò dúró de ìgbà tí nǹkan bá kúrò lọ́wọ́ onílara. Pé ẹlòmíràn ní nǹkan ti tó láti dùn ún. Ìkẹta wọn ni ìjọra-ẹni-lójú, èyí tí ẹni tó ní i kì í kà sí àrùn, nítorí adùn ló kọ́kọ́ máa ń ní lẹ́nu. Láàárín àwọn tó ń ṣe fídíò sórí ayélujára, yálà awàdà ni wọ́n ń ṣe, tàbí wọ́n ń fi oúnjẹ sísè hàn, tàbí wọ́n ń sọ ìròyìn àwọn òṣèré, inú fóònù kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Wọ́n ń bá olúwa wọn jí, wọ́n ń bá a sùn.

Mowé àti Ìbàfò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́bàá márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìfọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Owó ilé ló sọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ibùgbé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká yàrá kan n'Íkẹjà lè rí yàrá àti pálọ̀ ní Ìbàfò, kó sì tún máa wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó láàárọ̀. Àwọn tó ń ṣe fídíò bá wọn wá síbẹ̀. Ilẹ̀ ṣì gbòòrò, ilé tí wọn kò tíì parí sì pọ̀ lọ jàra: lónìí, ó lè di àgọ́ ọlọ́pàá nínú eré, lọ́la, ó lè di ààfin ọba tàbí ilé ìwòsàn. Ìyàwó ilé tó ń ta ọṣẹ lè ṣe ìyá ọkọ, ọlọ́kadà àdúgbò lè ṣe dókítà. Iṣẹ́ gidi ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú yẹpẹrẹ wò ó.

Iṣẹ́ náà sì ń náni lówó kó tó mówó wálé. Yàtọ̀ sí fóònù, ẹni tó fẹ́ ṣe é dáadáa yóò ra iná róbótó tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí fóònù ń dúró lé, àti ẹ̀rọ agbóhùn kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ. Bí iná ìjọba bá lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ni. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló kan dátà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, fídíò kan tí kò rí ẹni wò ti di owó tó wọnú iná. Ó yẹ kí èyí wà lọ́kàn ẹni tó bá fẹ́ dá àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lẹ́jọ́. Ẹni tó fi owó oúnjẹ ra dátà, tí ogójì ènìyàn péré wo iṣẹ́ rẹ̀, tó wá rí i pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ti wo ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìrora rẹ̀ kò wá láti inú ìwà burúkú nìkan.

Ọ̀rọ̀ pé ta ni wọ́n ń ṣe ìlara rẹ̀ ló wá kàn. Ní ọdún 2017, ìkànnì awàdà Mark Angel, tó bẹ̀rẹ̀ ní Port Harcourt, di ìkànnì awàdà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó ní mílíọ̀nù kan alátẹ̀lé lórí YouTube. Ọmọbìnrin tó ní ẹgbẹ̀rin alátẹ̀lé ní Mowé kì í torí Mark Angel pàdánù oorun. Ó ń wo eré wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ́ṣẹ́ lára wọn. Ẹni tí kò jẹ́ kó sùn ni ẹni tó ń bá a di kámẹ́rà mú lọ́dún tó kọjá, tí ilé wọn kò ju òpópó méjì síra, tó wá dá ìkànnì tirẹ̀ sílẹ̀, tí tirẹ̀ sì gbà. Ní 1954, Leon Festinger, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó ń wá òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ara rẹ̀ kì í sábà lo ẹni tó jìnnà sí i réré. Àwọn tó sún mọ́ ọn ló ń lò. Yorùbá ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, ṣùgbọ́n fóònù kì í fi gbogbo ojú ọ̀run han ẹyẹ. Nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ tó wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ìlú kan, ni ó máa ń kó síwájú olúwa rẹ̀. Ẹyẹ tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń fi hàn án, àti bí ó ṣe ga tó.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé tún dá kún un. YouTube kì í sanwó ìpolówó fún ìkànnì tí kò tíì ní alátẹ̀lé 1,000, tí àwọn ènìyàn kò sì tíì fi wákàtí 4,000 wo fídíò rẹ̀ láàárín oṣù méjìlá. Dípò wákàtí wọ̀nyí, ẹni tó ń ṣe fídíò kéékèèké nílò kí wọ́n wo fídíò rẹ̀ nígbà mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín 90 ọjọ́. Ẹni tó bá kọjá ẹnubodè yìí ló ń gba ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpolówó orí fídíò gígùn, àti ìdá 45 ti kéékèèké. Facebook náà ṣílẹ̀kùn irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wà ní Nàìjíríà ní 2024. Ṣùgbọ́n iye tí ènìyàn wo ni gbogbo ayé ń rí; iye owó tó wọlé kò hàn sí ẹnikẹ́ni àfi onífídíò. Bẹ́ẹ̀, owó tí olùpolówó ń san lórí ẹni tó wo fídíò ní Nàìjíríà kéré púpọ̀ sí èyí tó ń san lórí ẹni tó wò ó ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Aládùúgbò yóò rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, yóò fi sọ́wọ́ ṣírò, yóò sì gbà pé ọ̀rẹ́ òun ti ń kọ́lé. Owó tí ọ̀rẹ́ náà rí lè má tó owó epo jẹnẹrétọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, ìlara pọ̀ níbẹ̀ tó jẹ́ pé ohun tí a ń ṣe ìlara rẹ̀ kò sí níbì kankan.

Ti TikTok tún yàtọ̀. Ohun tó ń mówó wá fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀ ni ẹ̀bùn tí àwọn òǹwòran ń fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà lórí láìfù. Ìkànnì náà ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní bátù: ènìyàn méjì á kojú ara wọn, aago á máa ka ìṣẹ́jú márùn-ún, ìlà kan á máa sún síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín wọn bí ẹ̀bùn bá ṣe ń wọlé. Ẹni tó bá pàdánù lè ní kí wọ́n da omi lé òun lórí tàbí kí wọ́n kun òun lójú. Ìkànnì á yọ ìpín tirẹ̀ kúrò nínú owó ẹni tó borí, á sì yọ ọ́ kúrò nínú ti ẹni tó pàdánù. Àwọn ọ̀rẹ́ tó fi eré bẹ̀rẹ̀ a máa parí rẹ̀ sínú ìjà, nítorí lóru òru ni, ara ti rẹ wọ́n, àwọn òǹwòran sì máa ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ẹni tó bá bú èkejì jù. Ètò tó ń sanwó fún èébú ni. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ láìmọ èyí ti wọ pápá ìjà àkùkọ, òun sì ni àkùkọ.

Ìjọra-ẹni-lójú ń jẹun nínú nọ́ńbà kan náà. Nígbà àtijọ́, ẹlòmíràn ló ń ki ènìyàn. Oríkì kì í sábà ti ẹnu ẹni jáde fún ara ẹni. Oríkì orílẹ̀ kò sì mọ sórí ìyìn nìkan: ẹni tó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ ìtìjú ìdílé, gbèsè, ìjà àti àléébù nínú rẹ̀, kí ẹni tí wọ́n ń kì má baà gbàgbé pé ènìyàn ni òun. Nọ́ńbà kò mọ ìtàn ìdílé ẹnikẹ́ni. Ó ń pọ̀ tàbí kó má pọ̀. Nínú yàrá ẹ̀yìn YouTube, níbi tí onífídíò ti ń wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, wọ́n máa ń to fídíò tuntun mọ́ mẹ́sàn-án tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n á sì sọ ipò tó wà nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ṣe eré kan tó gbà lẹ́ẹ̀kan yóò wá máa bá ara rẹ̀ díje títí. Ipò kẹjọ, ipò kẹsàn-án, ipò kẹwàá: ìlara ara ẹni àtijọ́ ni ó kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kúrò lórí ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n ń wá ohun tí yóò ya ènìyàn lẹ́nu.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Habeeb Okikiola Olalomi, tí wọ́n ń pè ní Portable, di olókìkí ní ìparí ọdún 2021 pẹ̀lú orin Zazoo Zehh, èyí tí olórin Olamide àti oníjó Poco Lee bá a gbé jáde. Ohùn ọmọ ìta tí kò ní àbùmọ́, ọ̀rọ̀ tí kò jọ tẹnikẹ́ni, ìrísí tí ènìyàn kò lè gbàgbé: ẹ̀bùn ni, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn. Oṣù tí orin náà jáde kò tíì parí tó ti gbé fídíò síta tó ń bú Poco Lee lórí ọ̀rọ̀ owó. Ní 2022, wọ́n yàn án fún àmì-ẹ̀yẹ orin Headies ní ẹ̀ka méjì. Fídíò mìíràn jáde níbi tó ti ń halẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń du àmì-ẹ̀yẹ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún sọ nínú fídíò pé òun ni òun dá ẹgbẹ́ One Million Boys sílẹ̀, orúkọ tí àwọn ará Èkó mọ̀ mọ́ ìdigunjalè àti ìpayà. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pàṣẹ pé kí wọ́n wádìí rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn Headies yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Wọ́n pín àmì-ẹ̀yẹ náà ní Atlanta nínú oṣù kẹsàn-án láìsí i nínú àwọn tí wọ́n ń du ú.

Kò sí ọ̀tá tó yọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ni, fóònù rẹ̀ sì ni.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá mú un, fóònù ló gbé sókè, tó ń pariwo sí àwọn òǹwòran rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ Májísíréètì tó wà ní Ìfọ̀, lórí ẹ̀sùn tó jẹ mọ́ pé ó fìyà jẹ ènìyàn. Ó ní òun kò jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ sì fún un ní béèlì. Ẹ̀sùn kì í ṣe ìdájọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ti ọjọ́ yẹn pe é ní ọ̀daràn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, wàhálà tún ṣẹlẹ̀ nílé ọtí rẹ̀ lágbègbè Ìlogbò nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ìlànà ilé kíkọ́ débẹ̀. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn kéde pé wọ́n ń wá a. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án ti kọ́kọ́ fojú ba ilé ẹjọ́ ní Ìsàbọ̀, l'Ábẹ́òkúta, kí òun tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sùn ní àtìmọ́lé, èyí sì ni ohun tí àwọn tó ń wo fídíò kì í sábà rántí: ìparun ẹni ńlá a máa kọ́kọ́ gba orí ẹni kékeré kọjá.

Ó yẹ kí a sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Portable kò parun. Ó ń kọrin, wọ́n ń pè é sóde, ó sì ti sọ ìjà di iṣẹ́ débi pé ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì 2023, ó bá òṣèré Charles Okocha kan ẹ̀ṣẹ́ nínú pápá, ó borí, wọ́n sì sanwó láti wò ó. Èyí gan-an ló ṣi àwọn ọ̀dọ́ Mowé àti Ìfọ̀ lọ́nà. Wọ́n rí èébú, wọ́n rí owó, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Wọn kò rí i pé orin kan tó gba gbogbo Nàìjíríà ló ṣáájú èébú náà, pé lọ́yà wà, pé onídùúró wà. Ọmọ ogún ọdún tó ń gbé yàrá kan ní Ìbàfò, tí kò ní orin, tí kò ní lọ́yà, tó wá fi èébú ṣe ọjà tirẹ̀, ó ń ya ẹ̀wù tí wọn kò dá fún un wọ̀.

Ìjà láàárín eléré kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Àwọn olórin Yorùbá ti ń bú ara wọn nínú orin tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, ìjà orin láàárín Síkírù Àyìndé Barrister àti Àyìnlá Kollington mú kí àwọn olólùfẹ́ fújì pín sí méjì, ó sì ta rẹ́kọ́ọ̀dù fún àwọn méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni àkókò. Ẹni tó fẹ́ fi rẹ́kọ́ọ̀dù dá ọ̀tá lóhùn ní láti kó àwọn onílù jọ, kó kọ́ wọn lórin, kó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, kí ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Oṣù máa ń lọ sí i. Ìbínú ti rọlẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣánṣán ti di òwe, àgbà sì ti lè bá wọn dá sí i. Lórí láìfù, kò sí onílù, kò sí ọ̀gá ilé iṣẹ́, kò sí àgbà. Ẹyin lohùn, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ tààrà láti ẹnu sí ilẹ̀, ẹgbẹ̀rún ènìyàn á sì ti gbé àfọ́kù rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù wọn kí ẹni tó sọ ọ́ tó ronú pé kí òun pa á rẹ́.

Àti nígbà tí àkókò ṣì wà pàápàá, ìbínú òjijì pa ẹni ńlá. Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá nínú orin àpàlà, ọmọ Ìtòkò l'Ábẹ́òkúta, kú ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún 1980. Ìjà ni òun àti Báyéwù, ẹni tó ti jẹ́ máníjà rẹ̀ rí, ń jà nílé ọtí lórí ọ̀rọ̀ alùpùpù kan. Ife ọtí ló bà á lórí. Ó ti kọrin bú ọ̀pọ̀ orogún nídìí iṣẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó pa á. Ẹni tí wọ́n ti jọ jẹun, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́, ni. Túndé Kèlání ṣe fíìmù Àyìnlá jáde ní 2021 lórí ìtàn rẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ní máníjà, tàbí tó jẹ́ máníjà ẹnìkan, wò ó.

Nítorí inú ẹgbẹ́ ni ìjà tó burú jù ti ń wá. Àpẹẹrẹ rẹ̀ pọ̀ nínú ìtàn eré Yorùbá: ọmọ ẹ̀yìn á gbajúmọ̀, á ní ọ̀gá kò sanwó tó yẹ, á kó àwọn kan sẹ́yìn, á dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Hubert Ògúǹdé, ọmọ Òṣósà ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1945, fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀. Lára ohun tó tìdí rẹ̀ jáde ni pé ẹgbẹ́ náà kò fọ́n ká. Ọgbọ́n ìgbà rẹ̀ nìyẹn. Ìwé àdéhùn ni ọgbọ́n ìgbà yìí, ohun tó sì ya ènìyàn lẹ́nu ni bí àwọn tó ní in ṣe kéré tó. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin á bẹ̀rẹ̀ eré, orí ímeèlì ẹnìkan ni wọn yóò ṣí ìkànnì sí, ọ̀rọ̀ aṣínà á wà lọ́wọ́ ẹnìkan, owó á máa wọ àkáǹtì ẹnìkan. Níwọ̀n ìgbà tí owó kò tíì wọlé, arákùnrin ni gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí dọ́là àkọ́kọ́ bá dé ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀: ta ló kọ eré náà, ta ni ojú rẹ̀ ń mú ènìyàn wá, ta ló ra fóònù? Ojú ìwé kan ti tó láti dáhùn wọn ṣáájú: orúkọ ẹni tó ni ìkànnì, bí wọ́n yóò ṣe pín owó, àti ẹni tí àwọn fídíò àtijọ́ yóò jẹ́ tirẹ̀ bí ẹnìkan bá lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, mọ iṣẹ́ fídíò mọ́ ohun tó ń dáàbò bò, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àdéhùn tó bá wà lákọsílẹ̀.

Níbi tí kò bá sí ìwé, ẹ̀san ló máa ń dípò rẹ̀, ẹ̀san náà kì í sì í mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. YouTube máa ń pa ìkànnì tó bá gba ìkìlọ̀ ìjìyà mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́ rẹ́ pátápátá. Àwọn onílara mọ èyí, wọ́n sì ń fi ẹjọ́ orogún wọn sùn lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ń bẹ àwọn alátẹ̀lé wọn kí wọ́n bá wọn sùn ún. Orogún náà á dá a padà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ti àwọn méjèèjì. Òfin Nàìjíríà náà kò sùn. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, lè rán ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé irọ́ tó lè dá rúgúdù sílẹ̀ tàbí tó fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu jáde lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kó san owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù méje náírà, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹfà 2023, n'Ìbàdàn, wọ́n gbé Abdullahi Maruf Adisa, tí wọ́n mọ̀ sí Trinity Guy, lọ sílé ẹjọ́ ní Iyaganku lórí fídíò ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n fi ọmọdébìnrin ṣe. Eré àṣejù fún ìdí pé kí ènìyàn wò ó ló gbé e débẹ̀.

Àwọn tó sanwó tó ju ìyẹn lọ sì wà lókè òkun. Ní oṣù kẹfà 2017, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan di ìwé ńlá mú sáyà, ó ní kí olólùfẹ́ rẹ̀ yìnbọn sí i níwájú kámẹ́rà, kí ìkànnì YouTube wọn lè gbajúmọ̀. Ó gbà pé ìwé náà yóò dá ọta dúró. Kò dá a dúró. Obìnrin náà lóyún lọ́wọ́, ọmọ wọn kékeré sì wà nítòsí. Alátẹ̀lé wọn kò tíì pọ̀ nígbà yẹn.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ojú ọ̀ràn, ara máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń jí láago mẹ́ta òru láti wo nọ́ńbà, tí kò lè jẹun bí fídíò kò bá gbà, tí kò fẹ́ rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ nítorí pé tọ̀rẹ́ náà gbà, tí inú rẹ̀ ń dùn bí ìkànnì ẹlòmíràn bá wó, àìsàn ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá sọ lórí láìfù pé ayé ti sú òun, kí ẹni tó gbọ́ má ṣe gbà á sílẹ̀ láti pín kiri. Kí ó pe ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, onílé rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀ tàbí àlùfáà rẹ̀, kí ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Fídíò tí wọ́n pín kò tíì di ènìyàn mú rí. Ọwọ́ ènìyàn ló ń di ènìyàn mú.

L'Ábẹ́òkúta, ní 1954, Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ kan ní Arò tí gbogbo ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan kan tó bá wọn wá, kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ènìyàn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa gba oògùn. Ilé ìwòsàn náà ti di ti ìjọba àpapọ̀, ó ṣì ń gba aláìsàn tó ń ti ilé wá, tó ń gbàtọ́jú, tó ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó wà ní Mowé tàbí Ìbàfò lè gba Ṣágámù yọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ìfọ̀ kò ní yà kúrò lójú títì tó wà títí tí yóò fi dé ìlú tí Arò wà.